Bí A Ṣe Ń Gbá Gọ́ọ̀fù Láì Walẹ̀

Eré gọ́ọ̀fù ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni eré wa níhìn-ín, ẹlòmíràn á sì ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ti gọ́ọ̀fù ní Atakpamé wa, ní Tógò. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun kan wà tó ń fún àwọn tó ń kọ́ eré yìí ní wàhálà káàkiri àgbáyé, tí wọ́n ń san owó gọbọi fún olùkọ́ nítorí rẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fojú kan ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Ohun náà ni kí ọ̀pá gba ìsàlẹ̀ wá, kí ó tẹ́ bí ó ti ń bọ̀, kí ó gbá bọ́ọ̀lù lọ pẹ̀lú orí koríko, kí ó má sì walẹ̀.

Ẹni tí kò mọ eré náà rárá, ẹ jẹ́ kí n là á fún un ní ṣókí. Ọ̀pá irin wà lọ́wọ́ yín, bọ́ọ̀lù kékeré kan wà nílẹ̀, ihò kan wà lọ́ọ̀ọ́kán, nígbà mìíràn ó lè tó irínwó mítà sí yín. Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù náà púpọ̀ kí ó tó wọ inú ihò ló borí. Òfin ní kí ìbú bọ́ọ̀lù má dín sí mìlímítà 42.67, kí ìwúwo rẹ̀ má sì ju gíráàmù 45.93 lọ. Nígbà tí orí ọ̀pá bá kan bọ́ọ̀lù, wọn kì í wà papọ̀ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí bọ́ọ̀lù tó fò lọ. Kò sí ọlọ́wọ́ kankan tó lè tún nǹkan ṣe láàárín ìgbà yẹn. Ọ̀nà tí ọ̀pá gbà wá síbẹ̀ ló ti pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Ẹ má sì rò pé eré yìí jìnnà sí ilẹ̀ wa. Ní Ikoyi, l'Ékòó, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938, tí à ń pè ní Ikoyi Club. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá ìdíje Nigerian Open fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sandy Lyle borí níbẹ̀ ní 1978, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba British Open ní 1985 àti Masters ti Amẹ́ríkà ní 1988. Ní 1988 yẹn gan-an, Vijay Singh, ọmọ erékùṣù Fiji, borí l'Ékòó, òun náà sì wá gba Masters ní 2000. Èyí tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Peter Tupling, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1981. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní ó gbá 63, lọ́jọ́ kejì 66, lọ́jọ́ kẹta 62, lọ́jọ́ kẹrin 64. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 255. Nínú ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kò sí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí pé ó gbá iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà náà. Ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti ṣẹlẹ̀, nínú oòrùn Èkó.

Irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló mú mi dárúkọ Ikoyi. Ní ayé ìgbà yẹn, ojú ibi tí ihò wà kì í ṣe koríko tútù tí à ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Iyanrìn tí wọ́n po òróró mọ́ ni, tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ. Ní ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ní apá ibi tiwa yìí, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, koríko á gbẹ, ilẹ̀ á sì le koko. Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ Atakpamé ṣe ń rí nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì. Yangí pupa ni, ọkọ́ gan-an ń ké lórí rẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù sókè gan-an, tó wá sọ ọ́ kalẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nílẹ̀ àwọn òyìnbó, níbi tí ilẹ̀ ti tutù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lè rí àánú gbà. Irin á wọlẹ̀, á gé ègé koríko ńlá kan fò, bọ́ọ̀lù náà á sì lọ, bí kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Lórí yangí kò sí àánú. Bí irin bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ kì í gbà á wọlé, ńṣe ló máa ń tì í padà sókè. Abẹ́ irin gọ́ọ̀fù, pàápàá ti irin kúkúrú tí à ń pè ní wẹ́ẹ̀jì, wú díẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó lè yọ́ kọjá lórí iyanrìn àti koríko. Lórí ilẹ̀ tó le, wíwú yẹn ló ń sọ irin náà sókè, tí etí rẹ̀ á fi bá bọ́ọ̀lù ní ikùn. Bọ́ọ̀lù á máa fi ilẹ̀ yí lọ gbuurugbu, ọrùn ọwọ́ á sì máa ta ẹni tó gbá a. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ìgúnpá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó sùn lóru.

Kí ló ń mú ènìyàn ṣá bọ́ọ̀lù báyìí? Ìwàǹwára ni. Bí ọ̀pá bá ti dé òkè tán, ọwọ́ àti èjìká ọ̀tún a kọ́kọ́ sáré jáde síwájú kí ẹsẹ̀ àti ìbàdí tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èjìká tó ti yọ síwájú ti dí ọ̀nà ìsàlẹ̀ tí ọ̀pá ìbá gbà. Òkè nìkan ló kù fún un láti gbà wá, yóò sì máa ti òde bọ̀ sínú, tí yóò fi gé bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fi sábà máa ń ṣẹ́rí sí apá ọ̀tún, tó ń wọ inú igbó. Ẹ ó rí i pé bí wọ́n bá ti ń fi agbára kún un ni ó túbọ̀ ń ṣẹ́rí. Inú máa ń bí wọn, wọ́n á tún gbé ọ̀pá ga sí i.

Ó wá tó àkókò kí n sọ ohun tí mo sọ pé ara wa ti mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò kejì bá ti mú koríko ga, ẹ wo ẹni tó mọ koríko ṣán dáadáa lẹ́bàá ọ̀nà tàbí lágbàlá ilé-ìwé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó yà á díẹ̀, eékún rẹ̀ rọ̀. Ẹ wo coupe-coupe rẹ̀, ìyẹn àdá tó fi ń ṣán koríko: irin pẹlẹbẹ, ó gùn, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì ti fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì mọ́ ibi tó ń dì mú kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òógùn bá dé. Ó gbé e lọ sẹ́yìn, kò gbé e kọjá èjìká. Ìbàdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Ìgúnpá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Ọwọ́ tẹ̀ lé ìgúnpá, irin ló sì dé kẹ́yìn. Irin náà gba ìsàlẹ̀ wá, ó tẹ́, ó kọjá ní nǹkan bí ìka méjì sí ilẹ̀, fẹ́ẹ́, koríko sì wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò dúró níbi koríko. Irin náà ṣì ń lọ síwájú ní ìsàlẹ̀ kí ó tó yí gòkè sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò fi ọwọ́ tì í. Bí ó bá ń sọ ọ́ kalẹ̀ láti òkè, òkúta ni ẹnu irin ìbá máa bá, ọwọ́ rẹ̀ ìbá máa gbọ̀n, irin náà kò sì ní mú mọ́ kí ó tó dé ìdajì iṣẹ́.

Gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù ń wá nìyẹn. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Harvey Penick, olùkọ́ àgbà kan ní ìlú Austin, ní Texas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti kékeré gẹ́gẹ́ bíi kádì, ìyẹn ọmọ tó ń báni gbé àpò ọ̀pá, kọ ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rí sínú ìwé pupa kékeré kan tó jáde ní 1992. Ó gba àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ níyànjú nínú rẹ̀ pé kí wọ́n mú irin ìṣánko, kí wọ́n máa fi ṣán koríko, nítorí pé bí irin náà ṣe ń gba inú koríko kọjá gan-an ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù ṣe yẹ kó gba ibi tí bọ́ọ̀lù wà kọjá. Ọkùnrin yìí ló kọ́ Tom Kite, ló sì kọ́ Ben Crenshaw. Nígbà tó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1995, àwọn méjèèjì wà níbi ìsìnkú rẹ̀, Crenshaw sì gba Masters lọ́sẹ̀ kan náà, ó sunkún níwájú gbogbo ayé lójú ihò tó kẹ́yìn. Ìmọ̀ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo gbà á gbọ́.

Texas náà ni Ben Hogan ti wá, kádì lòun náà jẹ́ ní kékeré. Nínú ìwé tó kọ ní 1957, ó ní kí ènìyàn fojú inú rí dígí ńlá kan tó dùbúlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà títí dé èjìká rẹ̀. Ó ní dígí tí ọ̀pá ń tọ̀ nígbà tó ń gòkè yàtọ̀ sí èyí tó ń tọ̀ nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, pé èyí tó ń tọ̀ bọ̀ tẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà. Kò sí ohun tó burú bí ọ̀pá bá gòkè lọ ga díẹ̀. Bíbọ̀ rẹ̀ ni kó tẹ́.

Báwo ló ṣe ń tẹ́? Ẹ fọkàn bá mi lọ, ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí ọ̀pá bá dé òkè, ẹ má ṣe nǹkan kan pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ gbé ìwúwo ara sí ẹsẹ̀ òsì, kí ìbàdí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kúrò lọ́nà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ṣì rọ̀, orí ọ̀pá fúnra rẹ̀ á já sẹ́yìn díẹ̀, á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ yín, ìgúnpá ọ̀tún á sì wá síwájú ìbàdí ọ̀tún. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún ọ̀pá, ọ̀nà ìsàlẹ̀, láti inú bọ̀ síta. Ẹ wá yí àyà yín lọ síwájú, ẹ má ṣe dúró láti fi ọwọ́ gbá a. Kí àyà ga, kí ó má wó lé bọ́ọ̀lù lórí. Kí ọ̀pá máa fi ìsàlẹ̀ lọ síwájú lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti fò tán. Moe Norman, ọmọ Kánádà tó gbé ayé láti 1929 sí 2004, mọ èyí débi pé orí koríko nìkan ni irin rẹ̀ sábà máa ń fá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí, ó gùn, kò jìn. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ máa ń dúró wò ó pẹ̀lú ìyanu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa ní Atakpamé: òkè. Ìlú wa wà láàárín òkè, kò sí àdúgbò tí ẹ kò ti ní rí ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹ wá ibi tí koríko rẹ̀ kúrú, ẹ dojú kọ òkè náà kí ilẹ̀ iwájú yín ga ju ibi tí ẹsẹ̀ yín wà lọ, ó kéré tán bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ mú ọ̀pá, ẹ máa gbá orí koríko tó wà lókè iwájú yín láì fi bọ́ọ̀lù sí i. Ẹni tó bá ṣá a láti òkè, kíá ni irin á wọ inú òkè, ilẹ̀ á sì bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọ̀pá tẹ́, tó yí ìbàdí, irin rẹ̀ á kọjá fẹ́ẹ́. Kò sí olùkọ́ tó tó òkè yẹn, kì í gbowó, kì í sì í parọ́. Nígbà tó bá ti mọ́ra, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣe bákan náà níbẹ̀. Bí ẹ bá wá fi bọ́ọ̀lù sí i lórí gẹ̀rẹ́ yẹn, ẹ mọ̀ pé yóò fẹ́ lọ sí apá òsì. Bí ilẹ̀ ṣe dà ni, kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Ẹ̀kọ́ kejì tí mo fẹ́ràn kò gba ààyè. Ẹ na ọ̀pá síwájú ní ìwọ̀n ìbàdí, ẹ máa fì í lọ fì í bọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣá nǹkan ní ìwọ̀n ìbàdí. Ara fúnra rẹ̀ ló máa yí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí, kí ọ̀pá wá dé ìwọ̀n eékún, ẹ fì í. Ẹ tún tẹ̀ díẹ̀ sí i, títí irin á fi máa ra orí koríko. Ìṣe ọwọ́ kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, títẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ rí ọ̀pá àlòkù kan rà láàárín ẹrù òkè òkun, irin nọ́ńbà 7 ni kí ẹ wá, òun ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ jù. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù síwájú díẹ̀ ju àárín ẹsẹ̀ méjèèjì lọ, kí ẹsẹ̀ sì fẹjú tó èjìká.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́, kó wá máa gbìyànjú láti ha bọ́ọ̀lù sókè. Títẹ́ kò túmọ̀ sí pé ọ̀pá ń gòkè. Ilé-iṣẹ́ TrackMan ti ilẹ̀ Denmark ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn bí irin ṣe ń kan bọ́ọ̀lù. Ohun tí ẹ̀rọ náà rí lára àwọn ọkùnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti PGA Tour ní Amẹ́ríkà ni pé irin nọ́ńbà 7 wọn ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi dígírì 4 nígbà tó ń kan bọ́ọ̀lù. Ti àwọn obìnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti LPGA jẹ́ nǹkan bíi dígírì 2, ó tẹ́ ju ti ọkùnrin lọ. Pẹ̀lú dráífà, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù tó wà lórí tíì, ìyẹn èèkàn kékeré tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, àwọn obìnrin ń gbá a lọ sókè pẹ̀lú nǹkan bíi dígírì 3, nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣì ń sọ̀ díẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò lágbára apá tó àwọn ọkùnrin, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù wọn ń jìnnà, ó sì ń tọ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ fi èyí sọ́kàn. Georgia Oboh, ọmọ Nàìjíríà, ti gba ààyè nínú Ladies European Tour, ìdíje àwọn obìnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Yúróòpù, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ yìí ní ibi tí kò ti dára. Bí bọ́ọ̀lù bá rì sínú koríko gígùn, ẹ má gbá a báyìí. Koríko á dì mọ́ ọrùn irin kí ó tó dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà, á sì yí i lọ́wọ́ yín. Níbẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá ga, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Bákan náà ni ti bọ́ọ̀lù tó wọ kòtò kékeré kan nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá sì tẹ́ ẹ jù, tí ọ̀pá rẹ̀ há sẹ́yìn ara, irin rẹ̀ á máa kan ilẹ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù, tàbí kí bọ́ọ̀lù máa ṣẹ́rí sí apá òsì gan-an. Ìbàdí tí kò yí ló sábà máa ń fà á. Ọwọ́ ti gba ìsàlẹ̀, ara sì dúró gbagidi, ọ̀pá kò rí ibi kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù le, ó sì lè pa ojú ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má gbá a níbi tí ènìyàn wà níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹlòmíràn má sì dúró sẹ́yìn ẹni tó ń fi ọ̀pá. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mú coupe-coupe bàbá wọn lọ ṣeré nítorí ohun tí mo sọ lónìí. Igi tó gùn tó apá, tí ẹ so aṣọ díẹ̀ mọ́ lórí, ti tó fún ọmọ láti fi kọ́ bí ìbàdí ṣe ń ṣáájú ọwọ́.

Ọyẹ́ kì í ṣe ìgbà tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí ilẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀ tí koríko sì ń hù, ẹ mú irin nọ́ńbà 7 yín jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan sórí ilẹ̀, ẹ gbé bọ́ọ̀lù lé e, ẹ gbá a, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo ibi tí bọ́ọ̀lù lọ. Àmì tí irin fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú ìlà náà, kí ó gùn tó ìka ọwọ́ bíi mélòó kan, kí ó má jìn. Bí ó bá wà lẹ́yìn ìlà, ìbàdí yín kò ṣáájú. Bí ó bá jìn, èjìká yín ló sáré jáde, ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ òkè.